Àrùn ọ̀gẹ̀dẹ̀: àwọn ìbéèrè tó ń padà wá, àti ìdáhùn wọn

Ìbéèrè kan náà ni àwọn àgbẹ̀ àti àwọn tó ń gbà wọ́n nímọ̀ràn ń béèrè lọ́wọ́ wa, nítorí náà a kó wọn jọ síbí. Àwọn tó rọrùn ló ṣáájú. Àwọn tó ta kókó wà lẹ́yìn.

1. Àrùn mélòó ló ń bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ jà, èwo ló sì le jù?

Wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́rin ló ń lé àgbẹ̀ kúrò lóko. Àkọ́kọ́ ni àrùn ìrọ, tí bakitéríà kan tí wọ́n ń pè ní Xanthomonas ń fà. Etiópíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀, ní 1968, lára ewéko kan tó jẹ́ ìbátan ọ̀gẹ̀dẹ̀, kó tó wá mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó yọ ní Uganda ní 2001, ó dé Rwanda ní 2005, ó sì wọ Burundi ní 2010. Èkejì ni bunchy top, tí fáírọ́ọ̀sì ń fà. Ẹ̀kẹta ni àrùn Panama, ti fọ́ńgọ́ọ̀sì inú ilẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni Sigatoka dúdú, fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń jẹ ojú ewé.

Èyí tó le jù dọ́wọ́ ibi tí ẹ wà àti irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ gbìn. Ọ̀pọ̀ ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀ dá lórí àrùn ìrọ, nítorí òun ni ọwọ́ àgbẹ̀ lè kápá jù, ọwọ́ àgbẹ̀ kan náà ló sì máa ń tàn án kálẹ̀.

2. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé àrùn ìrọ ni, pé kì í ṣe ọ̀dá tàbí Panama?

Ewé á pọ́n bí ìyeyè, á sì rọ bíi pé wọ́n da omi gbígbóná sí i lára. Òdòdó akọ, ìyẹn ṣóńṣó pupa tó ń rọ̀ nísàlẹ̀ ìdì, á gbẹ kó tó àsìkò. Èso á máa pọ́n ségesège: ọ̀kan á pọ́n, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á ṣì tutù. Ẹ la ọ̀kan sí méjì. Bí inú rẹ̀ bá ní àwọ̀ irin tó dógùn-ún, ẹ fura.

Àyẹ̀wò tó dáa jù kò ná yín ní nǹkan kan. Ẹ gé igi náà tàbí ọ̀pá ìdì rẹ̀, kí ẹ dúró. Láàárín ìṣẹ́jú 5 sí 15, omi kíki tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ìyeyè á máa sun jáde lójú ibi tí ẹ gé. Oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ lásán máa ń ṣàn bí omi, kì í ki báyìí. Ọ̀dá kì í ṣe èyí. Panama náà kì í ṣe é: ní tirẹ̀, ewé àgbà tó wà nísàlẹ̀ ló kọ́kọ́ ń pọ́n, wọ́n á ṣẹ́ sílẹ̀ yí igi ká bíi yẹ̀rì, ẹ ó sì rí ilà pupa tó ń dúdú lọ nínú igi tí ẹ bá gé e, àmọ́ inú èso á mọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, àdá tí ẹ fi ṣàyẹ̀wò yìí ti di àdá alárùn. Ẹ ka ìdáhùn kẹfà kí ẹ tó fi kan igi mìíràn.

3. Oògùn wo ni mo lè fún un?

Kò sí. Kò sí fún àrùn ìrọ, kò sí fún bunchy top, kò sí fún Panama. Ẹni tó bá ń ta oògùn ìrọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ inú ìgò fún yín, àpò yín ló ń wò. Eérú, omi ata, ìtọ̀ màlúù: a ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Eérú dára fún ilẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pa ohun tó wà nínú igi. Sigatoka nìkan ni fífín oògùn máa ń dín kù, a ó sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó bá yá.

4. Báwo ni àrùn ìrọ ṣe ń ti igi kan dé òmíràn?

Ọ̀nà mẹ́ta ló lágbára jù. Oyin àti àwọn kòkòrò mìíràn máa ń bà lé òdòdó akọ láti mu oje dídùn rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ara igi tó ń ṣàìsàn bọ̀, wọ́n á gbé bakitéríà náà wọlé gba ojú ọgbẹ́ tí ewé òdòdó tó já bọ́ fi sílẹ̀. Irin ni èkejì: àdá, ọ̀bẹ, ọkọ́. Ẹ̀kẹta ni ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a hú níbi tí àrùn wà, tí a gbé lọ gbìn níbòmíràn. Ewúrẹ́ àti màlúù tó ń jẹ igi alárùn náà lè gbé e, bẹ́ẹ̀ ni ewé tútù tí a gé láti fi di ẹrù.

Ní orí òkè gíga níbi tí òtútù ti ń mú, kòkòrò kì í ràn án tó bẹ́ẹ̀. Àdá ni ọ̀daràn níbẹ̀. Ó dára kí ẹ mọ ọ̀nà tó lágbára jù lóko yín, nítorí ibẹ̀ ló yẹ kí ẹ ná agbára yín sí.

5. Wọ́n ní kí n máa ṣẹ́ òdòdó akọ kúrò. Nígbà wo, kí sì ni mo máa fi ṣẹ́ ẹ?

Tí ọ̀wọ́ èso tó gbẹ̀yìn lórí ìdì bá ti yọ tán, iṣẹ́ òdòdó akọ ti parí; kò ṣe èso lóore kankan mọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ mú un kúrò. Bí ẹ bá dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kòkòrò ti ṣe tiwọn.

Igi gígùn tó la ẹnu méjì ni kí ẹ fi lọ́ ọ já. Ẹ má fi ọ̀bẹ gé e, nítorí oje tó bá lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ ló máa gbé àrùn lọ sí ojú ọgbẹ́ tó tẹ̀lé e. Orí ìdúró ni ẹ ó ti ṣe é, kò sí pé ẹ ń gun igi. Nínú gbogbo ìlànà tó wà, èyí ló rọrùn jù, òun náà sì ni àwọn àgbẹ̀ tètè máa ń gbà.

Síbẹ̀, àwọn kan kọ̀ ọ́. Ní Uganda, àwọn kan tó ń fi irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kayinja pọn ọtí gbà pé ṣíṣẹ́ òdòdó ń ba oje jẹ́. Kayinja yìí ni kòkòrò sì tètè ń kó àrùn ràn jù, oko rẹ̀ sì ni olóko kì í sábà dé àfi lọ́jọ́ ìkórè. Ibẹ̀ ni àrùn ti rí ibùjókòó.

6. Báwo ni mo ṣe máa mú àrùn kúrò lára àdá?

Iná tàbí bílíìṣì. Bí iná ni, ẹ máa yí ojú irin náà nínú ọwọ́ iná títí á fi gbóná débi pé ọwọ́ kò lè gbà á. Bí bílíìṣì ni, ife kan sí ife omi mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ kọ́kọ́ nu oje àti ẹrẹ̀ kúrò, nítorí ìdọ̀tí máa ń pa agbára bílíìṣì. Ẹ po tuntun lójoojúmọ́. Oòrùn máa ń sọ èyí tó bá pẹ́ di omi lásán. Ó ń jẹ irin, nítorí náà ẹ fi omi ṣan àdá nírọ̀lẹ́ kí ẹ sì fi epo pa á.

Lẹ́yìn agbo ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọ̀ọ̀kan (ìyá igi àti àwọn ọmọ ìdí rẹ̀) ni ẹ ó máa ṣe é, kí àdá tó kan èyí tó tẹ̀lé e. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú. Ẹni tó ní igba agbo, tó fẹ́ gé ewé gbígbẹ, ṣé ó máa fi iná sun irin nígbà igba? Kò ní ṣe é, a ò sì ní bá a jà. Ní tiwa, ọgbọ́n tó dáa jù ni kí irin má wọ oko rárá níbi tí kò bá ti di dandan. Ẹ fi ọwọ́ ya ewé gbígbẹ. Ẹ fi igi lọ́ òdòdó. Ẹ dá gígé ewé tútù dúró nígbà tí àrùn bá wà láyìíká. Níbi tí irin bá ti di dandan, àdá méjì sàn ju ọ̀kan lọ: ọ̀kan á wà nínú garawa bílíìṣì, èkejì á wà lọ́wọ́, ẹ ó sì máa pààrọ̀ wọn bí ẹ ṣe ń lọ. Iṣẹ́ ò ní dúró.

Ó ku àdá àyálò, àdá alágbàṣe, àti ọ̀bẹ oníṣòwò tó wá gé ìdì fúnra rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló ti oko ẹlòmíràn bọ̀. Ẹ ní ọ̀kan tí kò ní jáde kúrò lóko yín láéláé, òun ni kí ẹ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gé nǹkan níbẹ̀.

7. Ṣé gbogbo agbo ni kí n hú, àbí igi tó ń ṣàìsàn nìkan?

Agbo là ń pe ìyá igi àti gbogbo ọmọ tó yí i ká láti ìdí kan náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìmọ̀ràn tí àgbẹ̀ ń gbọ́ ni pé bí igi kan bá ti ṣàìsàn, kí wọ́n hú gbogbo agbo náà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, kí wọ́n sì fi ilẹ̀ ibẹ̀ sílẹ̀ láìgbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i fún oṣù mẹ́fà. Lórí ìwé, ó dára. Ẹ hú agbo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti gbó kan wò ná. Ẹ̀yìn á ti ro yín kí ẹ tó parí rẹ̀, òmíràn sì ń dúró dè yín. Igi tó ṣẹ́kù nínú agbo yẹn lè ti ní ìdì lórí, tó bá di oṣù tó ń bọ̀ á tó gé. Ta ló máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ hú ìyẹn? Ọ̀pọ̀ ò ṣe é. Wọ́n gé èyí tó kú, wọ́n dákẹ́.

Nígbà tó yá, ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ìlà-oòrùn Kóńgò àti láyìíká rẹ̀ fi hàn pé bakitéríà náà kì í dé ara gbogbo ọmọ inú agbo. Ohun tí àgbẹ̀ ń ṣe ní ìkọ̀kọ̀ kò wá jìnnà sí ohun tó tọ́, ìmọ́tótó àdá nìkan ló kù. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é: ẹ gé igi tó ń ṣàìsàn nìkan ní ojú ilẹ̀, ẹ fi iná tàbí bílíìṣì wẹ àdá, ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí òmíràn bá ti yọ àmì, ẹ gé òun náà. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni, láìfo ọ̀kankan. Láàárín oṣù mélòó kan, àrùn á rọlẹ̀ gidi, oko á sì ṣì máa so. Kì í tán pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín.

Ọ̀nà yìí ní ààlà. Bí àrùn bá ti mú bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin oko, ó sàn kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ kúrò, kí ẹ gbin nǹkan mìíràn fún sáà kan kí ẹ tó padà sí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bákan náà, bí ó bá jẹ́ agbo kan ṣoṣo ló ṣàìsàn ní agbègbè tí àrùn kò tíì wọ̀ rí, ẹ má ṣe ojú àánú sí agbo yẹn. Ẹ hú u.

8. Ǹjẹ́ ènìyàn lè jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti ara igi alárùn wá?

Bakitéríà yìí kì í mú ènìyàn. Èso tí inú rẹ̀ kò tíì bàjẹ́ ṣeé jẹ, àmọ́ ẹ má gbé e rìn jìnnà, ẹ má sì da èèpo rẹ̀ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ mìíràn.

9. Kí ni mo máa ṣe sí igi tí mo gé?

Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ kó o jọ síbì kan nínú oko náà, kó jẹrà níbẹ̀. Ẹ má wọ́ ọ gba àárín àwọn igi tó dá ṣáṣá kọjá. Ẹ má fi bọ́ ẹran, kí ẹ sì má jẹ́ kí ẹran dé ibẹ̀. Sísun dára bó bá ti gbẹ, ṣùgbọ́n igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù kì í jó, a ti rí àwọn tó fi odindi ọjọ́ kan fẹ́ èéfín lásán. Bakitéríà náà kì í pẹ́ nínú ilẹ̀ bí kò bá rí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbé. Oṣù mẹ́fà tí wọ́n ń sọ ti ní àlàfo ìṣọ́ra nínú.

10. Ibo ni mo ti lè rí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó mọ́ láti gbìn?

Inú oko yín, bí àrùn kò bá tíì dé ibẹ̀, ló ṣáájú. Lẹ́yìn rẹ̀, oko tí ẹ fojú ara yín rìn káàkiri rẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n ròyìn fún yín. Ọmọ tó rẹwà lè ti gbé àrùn sínú láìtíì yọ àmì kankan, nítorí náà oko tó ti wá ni kí ẹ wò, ẹ má wo ọmọ náà nìkan.

Àwọn kan máa ń bó èèpo ìdí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á sì rì í sínú omi gbígbóná. Ó dára fún kòkòrò tó ń lu ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti fún aràn inú ilẹ̀. Kò kan fáírọ́ọ̀sì rárá. Èyí tí wọ́n tọ́ nínú ìgò ní yàrá ìwádìí mọ́ nígbà tó jáde, bí wọ́n bá ti yẹ ìyá rẹ̀ wò dáadáa, ṣùgbọ́n mímọ́ kọ́ ni àjẹsára. Ẹ gbìn ín sí àárín oko alárùn, ẹ ó rí i bí á ṣe tètè lọ.

11. Ti bunchy top ńkọ́? Ṣé bákan náà la ṣe ń ṣe é?

Rárá, ìyàtọ̀ náà sì ti kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sí wàhálà. Àmì rẹ̀ ni pé ewé tuntun á máa kéré sí i, á tín-ínrín, á dúró ṣánṣán, gbogbo wọn á sì ṣù jọ lórí igi. Ẹ wo abẹ́ ewé àti ọrùn rẹ̀ lójú oòrùn: ẹ ó rí ilà àti àmì tó-tò-tó dúdú bíi ti ewé tútù tó ki, bíi pé ẹnì kan fi kálámù tọ́ ọ. Igi tó bá mú ní kékeré kì í so rárá. Wọ́n jẹ́rìí sí i ní orílẹ̀-èdè Benin ní 2011, ní Nàìjíríà ní 2012.

Kòkòrò kékeré dúdú kan tó ń fa oje mu ló ń gbé e kiri, abẹ́ èèpo igi ló máa ń sá pamọ́ sí, èèrà sì ń ṣọ́ ọ. Bí ẹ bá kàn gé igi lulẹ̀, ebi á pa kòkòrò náà, á ṣí lọ sórí èyí tó wà nítòsí, pẹ̀lú fáírọ́ọ̀sì lẹ́nu. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ pa kòkòrò náà pẹ̀lú oògùn apakòkòrò tàbí kẹrosíìnì tí ẹ dà sí ọrùn igi, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà kí ẹ wá hú u. Níhìn-ín, gbogbo agbo ló ń lọ. Fáírọ́ọ̀sì yìí kì í dá ọmọ kankan sí, nítorí náà ẹ má mú ìdáhùn keje wá síbí.

12. Panama ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Fọ́ńgọ́ọ̀sì rẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí ohun tí ẹ ó ṣe tí á kúrò níbẹ̀. Òun ló pa ọ̀gẹ̀dẹ̀ Gros Michel run lórí ọjà àgbáyé títí àwọn ilé-iṣẹ́ fi yí sí Cavendish láàárín ọdún 1950 sí 1970. Ẹ̀yà tuntun rẹ̀, TR4, ń pa Cavendish náà: ó dé Mozambique ní 2013, Colombia ní 2019, Peru ní 2021.

Iṣẹ́ àgbẹ̀ níhìn-ín ni kó má jẹ́ kó wọlé: bàtà, táyà, ọkọ́ àti ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ní ilẹ̀ lára. Bó bá ti wọlé, ẹ fi ọgbà yí ibẹ̀ ká, ẹ má hú u, nítorí híhú ń da ilẹ̀ náà káàkiri.

13. Sigatoka dúdú kì í pa igi. Ṣé ó yẹ kí n ṣe wàhálà lé e?

Ó yẹ. Fiji ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní 1963. Ó ń jẹ ewé, ìdì á sì kéré, èso á pọ́n ṣáájú ọjọ́. Àwọn oko ńlá tó ń kó èso lọ sókè òkun máa ń fín oògùn ju ìgbà 40 lọ lọ́dún níbì kan. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ kékeré. Tiyín ni kí ẹ gé ibi tó ti kú lára ewé, kí ẹ fi àlàfo sí àárín igi kí atẹ́gùn lè kọjá, kí ẹ sì dín ọmọ inú agbo kù. Bí àrùn ìrọ bá wà láyìíká, ẹ ó rí i pé gígé ewé yìí ta ko ìdáhùn kẹfà. Ìdènà àrùn ìrọ ni kí ẹ fi ṣáájú: ẹ fi ọwọ́ ya ewé gbígbẹ, ẹ fara da Sigatoka.

14. Kí ló dé tí àgbẹ̀ tó mọ gbogbo èyí kì í fi í ṣe é?

Àwọn tó ń kọ́ àgbẹ̀ máa ń sọ pé wọn kò lóye ni. A kò gbà. Bi àgbẹ̀ tí kì í sun àdá rẹ̀, á ka ìlànà náà fún ọ láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì ti ṣírò rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó ń ṣírò ni agbára. Ìlànà tó ń gba ìṣẹ́jú kan, bíi lílọ́ òdòdó, á ṣe é. Èyí tó ń gba odindi òwúrọ̀ fún agbo kan, kò ní ṣe é. Èkejì ni pé èrè ìdènà kì í ṣeé rí: bí ẹ bá ṣe gbogbo rẹ̀ dáadáa, kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀, ta ló sì ń dúpẹ́ fún ohun tí kò ṣẹlẹ̀? Ìdí nìyẹn tí àwọn tí àrùn ti jẹ oko wọn rí fi máa ń tètè gbà ju àwọn tó kàn gbọ́ ìròyìn lọ. Ẹ̀kẹta ni ipò tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà nínú ilé: ẹni tó jẹ́ pé òun ló fi ń san owó ilé-ìwé ọmọ á jí lọ sóko, ẹni tó ní agbo mẹ́wàá lẹ́yìn ilé, tó ń ṣe iṣẹ́ mìíràn, kò ní jí. Ẹni tó yá ilẹ̀ fún ọdún kan kò ní fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà láìgbìn.

Ó tún ku ẹ̀bi tiwa tí à ń gbani nímọ̀ràn. A ní kí wọ́n hú gbogbo agbo. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, a ní kí wọ́n má hú u mọ́. Àwọn tó gbọ́ràn sí wa lẹ́nu nígbà àkọ́kọ́, tí wọ́n hú oko wọn, ló pàdánù jù. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń wò wá lókèèrè nísinsìnyí, kò ṣẹ̀ wá.

15. Aládùúgbò mi kò ṣe nǹkan kan. Ṣé ti èmi nìkan lè wúlò?

Ó wúlò, àmọ́ kò tó. Kòkòrò kì í ka ààlà ilẹ̀. Lílọ́ òdòdó akọ á dáàbò bo ìdì tiyín dé ìwọ̀n gidi bí aládùúgbò kò bá tilẹ̀ ṣe é, àdá tó mọ́ náà bẹ́ẹ̀. Gígé igi alárùn ni kò ní yanjú, nítorí bí ẹ ṣe ń gé ni ohun tuntun ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ lọ bá a. Ẹ má bá a sọ̀rọ̀ ọ̀lẹ. Ẹ ní kó wá wo ìdì tí ẹ ti lọ́ òdòdó rẹ̀, kí ẹ sì bá a lọ́ ti ìlà igi rẹ̀ tó fara kan ààlà yín. Tí oko bá jẹ́ ti arúgbó tàbí ti ẹni tó ti kó lọ sí ìlú, bíbéèrè àyè láti ṣe é fún un máa ń yá ju dídúró dè é lọ.

16. Ṣé òfin lè mú gbogbo ènìyàn ṣe é?

Ó ti ṣeé ṣe rí. Ní 1913, ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti Fiji gbé bunchy top wọ Ọsirélíà. Nígbà tó fi máa di àárín ọdún 1920 sí 1930, oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ ní àwọn agbègbè tó wọ̀. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Magee fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kòkòrò afàmu yẹn ló ń gbé e, ó sì tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1927. Ìjọba wá fi òfin dè é: kò sí ẹni tó lè gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ láìgba àṣẹ, àwọn aláyẹ̀wò ń rìn gba oko kọjá, igi alárùn gbọ́dọ̀ lọ. Iṣẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ padà sípò, àyẹ̀wò náà sì ń lọ di òní.

Ohun tí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí máa ń gbàgbé ni pé àwọn aláyẹ̀wò yẹn wà níbẹ̀ ní tòótọ́, tí wọ́n ń gba owó oṣù, ọdún lé ọdún. Òfin tí kò ní ẹsẹ̀ rìn wọ oko kò yàtọ̀ sí ìkìlọ̀ orí ògiri. Bí owó ìtanràn nìkan bá sì ni ẹsẹ̀ tó ní, àgbẹ̀ á kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi àrùn pamọ́: á gé igi náà lóru, á sì gbá ewé bò ó. Ìjọba tó fẹ́ kí wọ́n máa fi tó òun létí gbọ́dọ̀ mú kí ìfitónilétí lérè ju ìdákẹ́jẹ́ lọ, ó kéré tán pẹ̀lú ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mímọ́ tí wọ́n á fi rọ́pò.

17. Ta ló yẹ kí a kọ́ nínú ilé?

Ẹni tí àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ ẹ wo ìpàdé àwọn àgbẹ̀: baálé ilé ló máa ń jókòó níbẹ̀, ìyàwó àti ọmọ ló máa lọ gé ewé lọ́la. Tí bàbá kò bá sọ ohun tó gbọ́, tàbí tó gbàgbé ìdajì rẹ̀, ìmọ̀ yẹn kú sí ìta ìpàdé. Ẹ ṣe ẹ̀kọ́ náà nínú oko, ní àsìkò tí àwọn obìnrin lè wá, kí oníkálukú sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ́ òdòdó kan kó tó lọ. Ẹ má gbàgbé àwọn alágbàṣe àti àwọn oníṣòwò tó ń wá gé ìdì. Wọ́n ń dé oko mẹ́wàá lọ́jọ́ kan.

18. Ṣé kò sí irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí àrùn ìrọ kò lè mú?

Nínú àwọn tí ènìyàn ń jẹ, kò sí èyí tó dúró gbọn-in lójú àrùn yìí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ inú igbó kan, Musa balbisiana, dúró, àmọ́ kóró ló kún inú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, ti mú èròjà àbínibí láti ara tàtàṣé fi sínú ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n sì dán an wò lóko ní Uganda pẹ̀lú àbájáde tó dára. Bó ṣe máa dé ọwọ́ àgbẹ̀ wà lọ́wọ́ òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó wà nílẹ̀ ni irú tí kòkòrò kì í rí ọ̀nà gbà wọlé lára rẹ̀. Àwọn ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan kì í ju ewé òdòdó wọn sílẹ̀, ojú ọgbẹ́ kò sì ṣí. Wọ́n ṣì lè gba àrùn láti ara àdá. Bí ẹ bá fẹ́ yí irú padà, ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Irú tó lágbára tí kò dùn lẹ́nu àwọn ará ilé ti pọ̀ lóko àwọn tó gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, wọn kò sì gbin èkejì.

19. Àrùn ti lọ, ó tún padà. Kí ni mo ṣe tí kò dára?

Ó lè jẹ́ pé kò lọ. Ó lè farapamọ́ nínú ọmọ inú agbo fún ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà míràn fún ohun tó ju ọdún kan, kó tó yọ. Ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀ rèé: oko á mọ́, olóko á sinmi, bílíìṣì á tán kò ní ra òmíràn, òdòdó akọ á tún máa rọ̀. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, a ó gba ìpè. Ẹ dín iṣẹ́ kù bí àrùn bá rọlẹ̀, láti ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ sí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, àmọ́ ẹ má dáwọ́ òdòdó lílọ́ dúró. Ìyẹn ti di ara iṣẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, bíi oko ríro.

20. Òṣìṣẹ́ ìmọ̀ràn ni mí. Tí mo bá béèrè, gbogbo àgbẹ̀ ní àwọn ń ṣe é. Báwo ni mo ṣe máa mọ òtítọ́?

Ẹ má béèrè bóyá wọ́n ń ṣe é. Ẹ̀mí ọmọlúàbí kò ní jẹ́ kí wọ́n dójú tì yín, "bẹ́ẹ̀ ni" ni wọ́n á sọ. Ẹ ní kí wọ́n fi igi ẹlẹ́nu méjì wọn hàn yín. Ẹni tó ń lò ó mọ ibi tó wà, oje gbígbẹ á sì ti dúdú lẹ́nu rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ṣe bí wọ́n ṣe ń wẹ àdá níwájú yín, kí ẹ wo bóyá wọ́n ń wá bílíìṣì káàkiri ilé.

Lẹ́yìn náà ẹ rìn wọ oko. Ẹ mú ogún ìdì tó ti yọ ọ̀wọ́ tán, ẹ ka iye tí òdòdó ṣì ń rọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ kọ ìlànà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má kọ "ó gbà á" tàbí "kò gbà á": ẹni tó ń lọ́ òdòdó àmọ́ tí kì í wẹ àdá kò sí nínú èyíkéyìí nínú méjèèjì, irú wọn ló sì pọ̀ jù. Tí ẹ bá rí ìlànà kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń ṣe é nínú gbogbo oko tí ẹ dé, ẹ má tún ṣe ìpàdé mìíràn lórí rẹ̀. Ẹ ya owurọ̀ kan sọ́tọ̀, kí ẹ bá àgbẹ̀ kan ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lóko rẹ̀, kí ẹ sì ka wákàtí tó gbà.